Ọjọ́ mẹ́ta lórí òkè Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìdànrè: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Arìnrìnàjò Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Àwa mẹ́jọ nínú ẹbí fẹ́ kúrò n'Íbàdàn lọ gun òkè fún ọjọ́ mẹ́ta. A fẹ́ rí omi Olúmirìn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, tó bá ṣeé ṣe ká dé ìpele keje, ká kọjá sí Àrìnta ní Ìpólé-Ìlọ́rọ̀, ká fẹsẹ̀ sómi gbígbóná Ìkógòsì, ká wá fi òkè Ìdànrè parí ẹ̀ ká tó padà sílé. Màmá mi wà lára wa, wọ́n ti lé ní ọdún 60, ara wọn le dáadáa àmọ́ orúnkún ọ̀tún máa ń ro wọ́n tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọmọdé méjì náà wà, ìkan jẹ́ ọmọ ọdún 10, ìkejì 13. Èmi fúnra mi ò tíì gun ju Òkè Olúmọ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé oṣù wo ló dáa jù, bàtà wo la máa wọ̀, ṣé dandan ni ká gba ẹni tó máa mú wa mọ̀nà, ṣé ọjọ́ mẹ́ta sì tó fún gbogbo ẹ̀? Àwọn àbúrò mi ní ká lọ nínú oṣù keje torí ìgbà yẹn lomi máa ń kún dáadáa, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí ni kó dá mi lóhùn ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Ọ̀ṣómàáló

Ẹ káàbọ̀ sílé wa o. Erin ni wọ́n bí mi sí, mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti gun ibẹ̀ látìgbà ọmọdé, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an kó má lọ jẹ́ fọ́tò lẹ máa fi wọ̀n ọ́n. Ìpele méje ni Olúmirìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìpele kìíní ò jọ àwọn tó kù rárá. Láti ẹnu géètì dé ìpele kìíní, ìrìn jẹ́jẹ́ ni, wọ́n ti ṣe ọ̀nà àti àtẹ̀gùn síbẹ̀, màmá á débẹ̀ láì mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ ò ní tíì sún mọ́ ọn tán tí ìrì omi á ti máa ta sí yín lójú. Ìkejì gba kéèyàn gùn díẹ̀. Láti ìkẹta lọ ni ọ̀rọ̀ ti di ti ọwọ́ àtẹsẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ dagẹ̀rẹ̀, erùpẹ̀ pupa ni, gbòǹgbò igi lẹ máa dì mú fi gòkè, tí òjò bá sì ti rọ̀ lánàá ó ń yọ̀ bí ilá. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá wá, ìkejì tàbí ìkẹta ni wọ́n ti ń padà, kò sì sí ìtìjú kankan nínú ìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá dé òkè pátápátá, ilẹ̀ máa ń tẹ́, ẹ ó rí igbó àti òkè tí wọ́n tò lọ salalu, apá Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè ti Èkìtì lẹ ti fẹ́ẹ̀ wọ̀ yẹn. Ó dùn ún wò, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tó lókun nìkan lọ, kẹ́ ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ ní aago méjọ àárọ̀ ó pẹ́ jù. Tó bá di aago méjì ọ̀sán tẹ́ ò tíì dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, ẹ yí padà, torí sísọ̀ kalẹ̀ ló máa ń gba àsìkò tó sì máa ń ṣe èèyàn léṣe, kì í ṣe gígùn.

Ẹni tó máa mú yín mọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbà á. Ọmọ ìlú ni kó jẹ́. Ẹ bá a sọ iye owó tán ní géètì níbi tí gbogbo èèyàn wà, kí ẹ sì sọ fún un pé ibi báyìí ni màmá máa dúró dè yín, ibi báyìí làwọn ọmọ máa dé. Ẹ má dúró di ìgbà tẹ́ ẹ bá dé àárín igbó kẹ́ ẹ tó máa sọ̀rọ̀ owó.

Dẹ́rẹ́bà Iléṣà

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni tèmi. Ẹ jáde n'Íbàdàn láàárọ̀ kùtù, ẹ gba Ifẹ̀ wọ Iléṣà, kẹ́ ẹ mú ọ̀nà Àkúrẹ́, ọ̀nà yẹn náà lẹ ti máa yà sí Erin-Ìjẹ̀ṣà. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán níbẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ sí Ìkógòsì, ẹ padà sí oríta Ìwàràjà, ẹ bọ́ sí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè lọ sí Arámọkọ, ibẹ̀ lẹ ti máa yà sí Ìkógòsì. Ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n yẹn, kọ́nà pọ̀ níbẹ̀, òkè lọ́tùn-ún kòtò lósì, ó rẹwà àmọ́ kẹ́ ẹ rí i pé bíréèkì mọ́tò yín dáa. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì ọlọ́jọ́ pípẹ́ lẹ fẹ́ háyà, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó gbéra.

Ohun tí mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ jù lọ, ẹ má rìn lálẹ́. Kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ ti wà níbi tẹ́ ẹ máa sùn. Ẹ pe ẹni tó wà lọ́hùn-ún lọ́jọ́ tó ku ọ̀la, ẹ bèèrè bí ọ̀nà ṣe rí. Ọ̀nà tó dáa lóṣù tó kọjá lè má dáa mọ́ lóṣù yìí.

Ẹlẹ́sẹ̀ Ọ̀nà

Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ẹ má ṣèyí táwọn àbúrò yín wí. Ẹ má lọ loṣù keje pẹ̀lú ọmọdé. Mo fẹ́ sọ nǹkan tójú mi rí.

Ẹgbẹ́ kan tó máa ń kó èèyàn rìnrìn àjò ló kó wa lọ sí Olúmirìn lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, oṣù keje náà ni, a tó ogún, ẹni tó ṣáájú wa kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, òun náà ò ju ẹni tó ti wá lẹ́ẹ̀mejì lọ. Oòrùn ń ràn lórí wa o. Àwa kan ti sọdá omi sí òdìkejì ní òkè ìpele kẹta torí a fẹ́ ya fọ́tò, omi ò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Mo kàn rí i pé omi tó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ ti ń pọ́n, ewé àti igi wẹ́wẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn bọ̀ nínú ẹ̀, mi ò mọ nǹkan tó túmọ̀ sí, mo rò pé ẹnì kan ló ń da nǹkan sómi lókè. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí omi fi dé orúnkún, ariwo ẹ̀ wá yí padà, ó ń dún bíi tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn èèyàn. A ò lè sọdá mọ́. Wákàtí méjì la fi dúró lórí àpáta kan lódìkejì, tí ọmọbìnrin kan láàárín wa ń sunkún, kó tó di pé ọdẹ kan rí wa, ó gba inú igbó kó wa lọ síbi tómi ti fẹ̀ tí ò sì jìn, ó dì wá lọ́wọ́ mú lọ́kọ̀ọ̀kan kọjá. Òjò ti rọ̀ lókè lọ́hùn-ún, lápá Ẹ̀fọ̀n, àwa tí oòrùn ń pa nísàlẹ̀ ò mọ̀.

Látọjọ́ náà, tí mo bá dé ìdí omi, òkè ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, mi ò ní wo iwájú mi. Tí ojú ọ̀run bá ṣú lókè, mi ò ní wọnú omi.

Tíṣà Jọ́gíráfì

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ èyí, ẹ̀gbọ́n, ó ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí ẹ̀ torí tí èèyàn bá mọ ìdí ó máa ń rántí. Òkè gbọọrọ tó ti apá Ẹ̀fọ̀n wá yẹn, òkúta líle tó ń dán ni, èyí táwọn tó ń kọ́ nípa ilẹ̀ ń pè ní quartzite, ó le ju àwọn òkúta tó yí i ká lọ, ìdí nìyẹn tí òun fi dúró bí ògiri nígbà tí òjò àti ọ̀gbàrá ti jẹ ilẹ̀ tó kù wálẹ̀, ìdí nìyẹn náà tí omi fi ń já ṣòòròṣò bọ́ láti orí àkàsọ̀ kan sí òmíì. Òkúta bẹ́ẹ̀ kì í fa òjò mu kíákíá. Òjò tó bá rọ̀ lórí ẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ló ń ṣàn wá sínú odò tóóró kan ṣoṣo, odò yẹn náà lẹ sì dúró sí nísàlẹ̀.

Nǹkan mẹ́rin lẹ máa wò: omi tó mọ́ tẹ́lẹ̀ tó ń di aláwọ̀ ẹrẹ̀, ewé àtigi tó ń ṣàn bọ̀, ariwo tó ń le sí i, òkúta tó gbẹ lẹ́ẹ̀kan tí omi ti ń bò báyìí. Tẹ́ ẹ bá rí ìkan péré nínú ẹ̀, ẹ jáde. Ẹ má sá gba ẹ̀gbẹ́ odò lọ sísàlẹ̀ o, ẹgbẹ̀ẹ́gbẹ́ ni kẹ́ ẹ gbà, lọ sókè, kúrò lójú ọ̀nà omi. Bàtà tàbí fóònù tó bá bọ́ sómi, ẹ jẹ́ kó lọ.

Lórí ọ̀rọ̀ oṣù, lójú tèmi o, ìparí oṣù kẹwàá sí ìdajì oṣù kejìlá ló dáa jù fún yín. Òjò ti ń lọ sílé, ilẹ̀ ti ń gbẹ, àmọ́ omi ṣì wà nínú àpáta, ó ṣì ń já dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ní ó di oṣù kejì tàbí ìkẹta, ẹ lè débẹ̀ kẹ́ ẹ bá omi tó tín-ín-rín bí okùn.

Ìkógòsì náà, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ mọ nǹkan tí wọ́n ń rí. Omi òjò ló wọnú pàlàpálá òkúta lọ sísàlẹ̀ jíjìn níbi tí ilẹ̀ ti gbóná, ló wá padà jáde. Ibi orísun ẹ̀ ló ti gbóná jù, nígbà tó bá fi máa pàdé omi tútù tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ó ti wálẹ̀ díẹ̀. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan sí ọ̀tún fi ìkan sí òsì. Kí wọ́n má lọ tọwọ́ bọ orísun ẹ̀.

Ọmọ Ọ̀ṣómàáló

Tíṣà, mo fara mọ́ ọn, àmọ́ oṣù kọkànlá ni mo máa fọwọ́ sí jù, ìparí oṣù kẹwàá òjò ṣì lè ya wọ́n lẹ́nu. Kẹ́ ẹ sì yẹra fún ọjọ́ ọdún, Kérésì àti Ọdún Tuntun, èrò máa ń pọ̀ lọ́jọ́ náà débi pé èèyàn á máa tò láti gun àtẹ̀gùn, ọ̀pọ̀ wọn sì ti mutí.

Ohun míì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ́ sínú adágún tó wà lẹ́sẹ̀ ibi tómi ti ń já. Èèyàn ò lè rí òkúta tó wà nísàlẹ̀ torí fóòmù tó bo ojú ẹ̀, omi tó ń já látòkè sì máa ń yí po nísàlẹ̀, ó máa ń fa èèyàn wọlé padà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni mo ń bá wí o, àwọn gan-an ló máa ń ṣe é. Etí ibi tí ò jìn, níbi tómi ti ń ṣàn jẹ́jẹ́, ó ti tó fún ìwẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Adó

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo yín. Màmá lèmi fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn ilé díẹ̀díẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, kí wọ́n máa gùn ún kí wọ́n sì máa sọ̀ ọ́, torí ẹran itan ló ń di orúnkún mú. Ẹ wá ọ̀pá fún wọn, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ra olówó ńlá, igi tó le tó sì dé ìgbáròkó ti tó. Tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀ ọ́, kí ọ̀pá kọ́kọ́ kanlẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n tẹ̀ lé e, kí èyí tó le wá gbẹ̀yìn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níwájú wọn, kì í ṣe ẹ̀yìn, torí iwájú lèèyàn máa ń ṣubú sí tó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Tí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n lò ó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn bí wọ́n ṣe máa ń lò ó, kí wọ́n sì ti rí dókítà wọn kí ọjọ́ tó pé.

Omi mímu, ẹni kan kó mú lítà méjì, ìyẹn píọ̀ wọ́tà mẹ́rin, fún Ìdànrè kẹ́ ẹ fi méjì lé e torí kò sí ibòji lórí àpáta. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí oúnjẹ yín. Mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kọ, ẹyin sísè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà dáa ju bisikíìtì lọ.

Bàtà, kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ní eyín, èyí tí wọ́n ti wọ̀ tó ti mọ́ ẹsẹ̀ lára. Ẹ má ra tuntun wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, á bó yín lẹ́sẹ̀. Sílípáàsì ò dáa, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ò dáa. Jíìnsì máa ń wúwo tó bá ti tutù, ẹ wọ ṣòkòtò fẹ́lẹ́ tó bo ẹsẹ̀.

Ejò, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín jù, òun náà ń sá fún yín, ẹ ṣáà máa wo ibi tẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀ àti ibi tẹ́ ẹ̀ ń tọwọ́ bọ̀. Tó bá wá ṣe bí ó ṣe bu ẹnì kan jẹ, ẹ má fi abẹ gé e, ẹ má fẹnu fa á, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ jẹ́ kó jókòó, ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ ẹ̀, ẹ fi igi gbé ẹsẹ̀ náà ró kó má mì, ẹ gbé e, ẹ má jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn, ó di hòsípítù. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ti mọ ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ ibẹ̀ jù kẹ́ ẹ tó gun òkè rárá, kí nọ́ńbà ẹ̀ sì wà lórí fóònù èèyàn méjì, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró nínú igbó.

Arìnrìnàjò Ìbàdàn

Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á san án fún yín. Ọ̀rọ̀ omi tó pọ́n yẹn, mo kà á fún gbogbo ilé, àwọn àbúrò mi ti fọwọ́ sí oṣù kọkànlá. Ìdànrè wá ńkọ́? Ṣé a lè gùn ún lọ́jọ́ kẹta ká sì padà s'Íbàdàn lọ́jọ́ kan náà?

Ọmọ Ufẹ̀ Òkè

Rárá o. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí Ìdànrè. Mo fẹ́ bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó ní ọjọ́ tiẹ̀.

Àtẹ̀gùn tẹ́ ẹ máa gùn lé ní 600, wọ́n ṣe ibi ìsinmi márùn-ún sójú ọ̀nà, àwọn èèyàn máa ń rò pé tí wọ́n bá ti gun àtẹ̀gùn tán wọ́n ti ṣe tán, ibẹ̀ gan-an ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìlú ló wà lókè yẹn. Àwọn bàbá wa gbé níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1920, ààfin àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpó ẹ̀, ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1896 wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ Agbóògùn tó wà lára òkúta, omi Àọ̀pàrá. Ẹni tó bá sáré gùn ún sáré sọ̀ ọ́, àtẹ̀gùn ló wá kà. Màmá mi àgbà máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń ru koko àti iṣu gba ojú ọ̀nà yẹn kí wọ́n tó ṣe àtẹ̀gùn sí i, gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibi ìsinmi kẹta tí àyà mi ń lù ni mo máa ń rántí.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje àárọ̀ ni kẹ́ ẹ ti wà nídìí òkè. Àpáta lásán ló pọ̀ níbẹ̀, tó bá ti di aago mọ́kànlá ó ń gbóná bí agbada, ooru ń bọ̀ látòkè ó tún ń jáde nísàlẹ̀. Ẹ dé fìlà. Tí kùrukùru bá wà láàárọ̀, ẹ dúró kó ká, ojú ọ̀nà tó kọjá ààfin ò hàn dáadáa bó bá ṣú. Nígbà òjò, ẹ sọ̀ kalẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ àrá lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ má dúró lórí àpáta gbalasa, ẹ má sì sá sábẹ́ igi kan ṣoṣo.

Orí Òkè Òrósùn, kì í ṣe ibi téèyàn ń gùn láì gbàṣẹ. Ọdún Òrósùn máa ń bọ́ sí oṣù karùn-ún, ọ̀wọ̀ ńlá ló wà fún un, tẹ́ ẹ bá wá lásìkò yẹn ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó mú yín lọ ohun tẹ́ ẹ lè ṣe àti ibi tẹ́ ẹ lè ya fọ́tò. Ibi ìrúbọ tẹ́ ẹ bá rí lójú ọ̀nà, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan ibẹ̀.

Sọ fáwọn ọmọ náà pé ọ̀pọ̀lọ́ kan wà lórí àpáta wa tí wọn ò tíì rí níbòmíì láyé yìí àfi Ìdànrè. Ibi tómi bá ti ń sun lára òkúta ló fẹ́ràn. Ìdí nìyẹn tínú mi fi máa ń bàjẹ́ tí mo bá rí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ọṣẹ tí wọ́n ti fọ nǹkan síbẹ̀. Ọdún 2007 ni wọ́n ti fi orúkọ Òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé, ó yẹ kí àwa tá à ń gùn ún tọ́jú ẹ̀ bí nǹkan tó níyì. Àpò kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú dání fún ìdọ̀tí, gbogbo èyí tẹ́ ẹ bá gbé gòkè kẹ́ ẹ gbé e sọ̀.

Dẹ́rẹ́bà Iléṣà

Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe Ìdànrè, Àkúrẹ́ ni kẹ́ ẹ sùn, láti Àkúrẹ́ síbẹ̀ ò ju nǹkan bí 20 kìlómítà lọ, ẹ ó débẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Kẹ́ ẹ gùn ún tán kẹ́ ẹ tún máa wakọ̀ lọ s'Íbàdàn lọ́jọ́ kan náà, ẹni tó ti rẹ̀ ló máa di sítíárìn mú yẹn, mi ò fọwọ́ sí i.

Ará Òkè Ògùn

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé wa lápá ibí o, pàápàá tó bá jẹ́ pé Ìbàdàn lẹ wà. Tó bá jẹ́ omi orí òkè lẹ fẹ́ rí, adágún Ìyàkẹ wà ní Adó-Àwáyè, ẹ gba Mọ́níyà wá sí Ìsẹ́yìn, ẹ̀ẹ́ lọ ẹ̀ẹ́ bọ̀ lọ́jọ́ kan. Àtẹ̀gùn 369 lẹ máa gùn. Lókè ẹ ó rí òkúta Ìsàgè tó fi ìdí tíńtín jókòó tí ò ṣubú, ẹ ó rí omi Ìyá Aláró, ẹ ó rí Ìyàkẹ fúnra ẹ̀, omi tó jókòó sórí àpáta gbalasa tí ẹ̀ẹ̀rùn kì í gbé.

Wọ́n máa ń sọ pé méjì péré irú ẹ̀ ló wà láyé, pé ìkejì wà ní Colorado l'Amẹ́ríkà. Èmi ọmọ ibẹ̀ ò kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún àlejò torí adágún orí òkè pọ̀ láyé, kò dìgbà tá a bá fi ìyẹn kún un kó tó níyì. Kéèyàn gun àpáta líle, kó wẹ́yìn kó rí pápá àti ilé Adó nísàlẹ̀ kékeré kékeré, kó wá yíjú kó rí omi, ó tó.

Ẹ má wẹ̀ nínú ẹ̀ o. Àwọn àgbà ní kò nísàlẹ̀. Bó ti wù kó rí, etí ẹ̀ ń yọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa yára gbé okùn gun òkè wá yọ èèyàn.

Ẹlẹ́sẹ̀ Ọ̀nà

Mo ti gun méjèèjì. Fún ẹni tórúnkún ń dùn, Adó-Àwáyè kúrú àmọ́ àtẹ̀gùn ẹ̀ ga láàárín ara wọn, àwọn ibì kan sì wà tí ò ní nǹkan téèyàn lè dì mú. Ìkógòsì ló máa tù wọ́n lára jù lọ. Àrìnta kò jìnnà síbẹ̀, igbó ẹ̀ tutù, ó ṣókùnkùn díẹ̀, èrò ò pọ̀ níbẹ̀ bíi ti Olúmirìn, ìyẹn gan-an ni ò fi yẹ kẹ́ ẹ dá lọ, ẹ mú ọmọ Ìpólé dání.

Nọ́ọ̀sì Adó

Tẹ́ ẹ bá ti dé Ìpólé tàbí Ìkógòsì, ẹ jẹ iyán kẹ́ ẹ tó sùn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlera nìyẹn, ẹ ti dé Èkìtì ni.

Arìnrìnàjò Ìbàdàn

A ti lọ, a ti bọ̀ o! Mo ní mi ò ní dákẹ́ láì padà wá sọ fún yín.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kọkànlá la lọ. A yọ Ìdànrè kúrò bẹ́ ẹ ṣe wí. Lọ́jọ́ kìíní, aago méje ààbọ̀ la wà ní géètì Olúmirìn, a gba ọmọ ìlú kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní sùúrù, a sọ owó tán kó tó gbéra. Màmá dé ìpele kìíní, wọ́n jókòó sórí òkúta kan tí wọ́n ń gbàdúrà, àwọn obìnrin kan tó wá fi kẹ́ẹ̀gì gbọn omi bá wọn níbẹ̀, wọ́n di ọ̀rẹ́. Àwa tó kù dé ìkẹta, ọmọ ọdún 10 ní ó ti tó, ìyàwó mi mú un padà lọ bá màmá. Àwa márùn-ún tó kù ló dé ìkeje, ọmọ ọdún 13 wà nínú wa. Láàárín ìkẹrin sí ìkarùn-ún, ìyẹn le, gbòǹgbò kan já mọ́ àbúrò mi lọ́wọ́, ẹni tó mú wa lọ ló ti wà lẹ́yìn ẹ̀ tó dì í mú. Nígbà tá a dókè mi ò lè sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́, a ò gbọ́ ohùn ènìyàn kankan, òkè Ẹ̀fọ̀n ló kàn ń tò lọ. Aago méjìlá ààbọ̀ la yí padà.

Ìkógòsì, a sùn síbẹ̀ lálẹ́ méjì. Màmá fi orúnkún sínú omi gbígbóná yẹn láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ padà sílé mọ́. Àrìnta, àwa márùn-ún la lọ, òjò fẹ́ẹ́rẹ́ rọ̀ lálẹ́ tó ṣáájú torí náà a ò sún mọ́ ìdí omi púpọ̀, mo wòkè kí n tó wo iwájú mi.

Bàtà àbúrò mi kan bó o lẹ́sẹ̀ torí ó ra tuntun. Píọ̀ wọ́tà mẹ́rin fún ẹnì kan, ó tó gẹ́lẹ́, kò ṣẹ́ kù. Tọ́ọ̀ṣì ló yẹ ká rántí, iná lọ lálẹ́ àkọ́kọ́.

Ìdànrè ti di oṣù kìíní báyìí. Màmá ní àwọn náà máa bá wa lọ, pé àwọn á gùn ún dé ibi ìsinmi kejì, àwọn á jókòó síbẹ̀ dè wá. Ẹ̀yin Ọmọ Ufẹ̀ Òkè, ṣé ibòji wà níbẹ̀?

Ọmọ Ufẹ̀ Òkè

Ẹ kú ewu ìrìn àjò o. Láàárọ̀, ibòji máa wà, tó bá ti di aago mẹ́wàá oòrùn á ti wọbẹ̀, torí náà kí ẹnì kan mú agbòòrùn dání kí ó sì dúró ti màmá. Àmọ́ ẹ rántí pé ọyẹ́ máa ń mú loṣù kìíní, ẹ mú aṣọ òtútù fún òwúrọ̀ àti òróró tí wọ́n máa fi para ètè. Tẹ́ ẹ bá ti mú ọjọ́, ẹ kọ ọ́ síbí, Sátidé ni mo máa ń wà nílé.